Ẹrù Tí Ọwọ́ Kan Kò Lè Gbé Dé Orí

Ìwàásù fún àwọn ìjọ wa, lórí Ìhìnrere Márkù 5:1–20



Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní gbangba. Inú ilé ni a ti máa ń sọ ọ́, ní òru, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti ti ìlẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ará wa tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, àti ti àwọn ìyá, bàbá, ọkọ, aya àti ọmọ tí ń tọ́jú wọn. A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ wa, nítorí a kò rò pé ìjọ kan wà nínú dáyósíìsì yìí tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí orí karùn-ún Ìhìnrere Márkù. Níbẹ̀ ni ìtàn ọkùnrin kan wà, ní ilẹ̀ àwọn ará Gádárà, tí ó ń gbé inú ibojì. A ti mọ ìtàn náà láti ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, a sì máa ń yára kọjá lọ sí ibi tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti sáré wọ inú òkun. Lónìí ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi tí a kì í dúró. Márkù sọ fún wa pé àwọn ènìyàn ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n dè é nígbà púpọ̀, ó sì ń já wọn dànù. Irin kò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí irin kùnà, wọ́n fi í sílẹ̀ sáàárín àwọn òkú. Tọ̀sán-tòru ni ó ń ké, tí ó ń fi òkúta ya ara rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tí a kọ nípa rẹ̀ pé ó lọ bá a jókòó.

Lẹ́yìn èyí ni Olúwa dé. Nígbà tí àwọn ará ìlú jáde wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n bá ọkùnrin náà ní ìjókòó pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, aṣọ sì wà lára rẹ̀. Ẹ kíyèsí aṣọ náà. Lúùkù sọ fún wa pé ọkùnrin yìí kò ti wọ aṣọ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ń rìn ní ìhòòhò kì í tọ́jú aṣọ pamọ́ sí inú ibojì. Ọwọ́ ènìyàn ni aṣọ náà ti wá. Àwọn baba wa wí pé ènìyàn ni aṣọ, a sì rí i níhìn-ín pé òtítọ́ ni.

Ẹ tún kíyèsí bí ìtàn náà ti parí. Ọkùnrin náà bẹ Olúwa kí ó jẹ́ kí òun máa tẹ̀lé e. Olúwa kò gbà fún un. Ó rán an padà sí ilé, sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kan náà ni a ti kà pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń bẹ̀rù, tí wọ́n sì ń bẹ Olúwa kí ó kúrò ní agbègbè wọn. Nítorí náà, ilé tí ẹ̀rù ń bà ni a rán ọkùnrin náà lọ. Ìwòsàn tí Olúwa bẹ̀rẹ̀ ní etí òkun, inú ilé ni ó ní láti parí sí. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: aláìsàn kò lè padà sí ilé tí a kò tíì kọ́ bí a ti ń gbà á, kò sì sí ilé tí ó lè dá kọ́ ọ.

Àwọn àgbà a máa wí pé wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí ní ọmọ. Òtítọ́ ni òwe náà, ó sì korò. Nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn bá ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ ní ọjà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a pé jọ láti wò ó, àwọn àgbà a máa rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé a máa sọ òkò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé agboolé ẹni, ẹ̀rín a dáwọ́ dúró, ìlẹ̀kùn a sì tì. Àwọn ará ilé a sọ fún ìjọ pé ọmọ náà ti lọ sí ìdálẹ̀. Bí a bá ń dárúkọ àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìdílé, a ó fo orúkọ tirẹ̀. Kí ni ìdí rẹ̀? Wọ́n mọ̀ pé kí àwọn ará ọkọ tó fẹ́ ọmọ, wọn yóò wádìí bóyá irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé. Wọ́n sì ń bẹ̀rù pé àìsàn ẹnì kan yóò dí ọ̀nà mọ́ gbogbo àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé ẹnì kan ni ó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni ó wọ inú ibojì.

Àwọn mìíràn kò fi aláìsàn pamọ́ nìkan. Wọ́n dè é. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch, tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn káàkiri ayé, tẹ ìròyìn kan jáde nípa Nàìjíríà. Wọ́n rí àwọn aláìsàn ọpọlọ tí a fi ẹ̀wọ̀n so mọ́lẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí, àti ní ibùdó ìjọba pàápàá. Wọ́n sì rí wọn bákan náà ní ọ̀dọ̀ àwọn Kristẹni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí dùn wá dé ọkàn. Ẹ̀wọ̀n tí àwọn ará Gádárà lò kí Olúwa tó dé, ni àwọn kan ń fi orúkọ Olúwa lò lẹ́yìn tí Ó ti dé. Ní oṣù Kínní ọdún 2023 ni a fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní ilẹ̀ wa, láti rọ́pò òfin àtijọ́ tí a jogún láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe àwọn aláìsàn ní asínwín. A dúpẹ́ fún òfin náà. Ṣùgbọ́n bí òfin tilẹ̀ lè já ẹ̀wọ̀n irin, kò lè wọ yàrá lọ bá ìyá tí ń sunkún.

Ẹnì kan lè bi wá pé: ẹ̀mí èṣù kọ́ ni ó wà nínú ọkùnrin Gádárà bí? Bẹ́ẹ̀ ni, Ìwé Mímọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kan náà kò sọ pé ẹ̀mí èṣù ni ó ń yọ gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú lẹ́nu. Nínú Mátíù 4:24, a ka àwọn tí ẹ̀mí èṣù ń dà láàmú sí ọ̀tọ̀, a sì ka oríṣiríṣi aláìsàn mìíràn sí ọ̀tọ̀. Ẹ wo Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19. Wòlíì tí iná sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run nípa àdúrà rẹ̀, òun náà ni ó sá wọ aginjù, tí ó jókòó sábẹ́ igi kan, tí ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí ó gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Kò bi í ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá. Ó gbé oúnjẹ àti omi síwájú rẹ̀, ó jẹ́ kí ó sùn, ó sì tún jí i láti jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run fi yé e pé kò ku òun nìkan, pé ẹgbẹ̀rún méje ṣì wà ní Ísírẹ́lì tí ó jẹ́ olóòótọ́. Ó sì fi Èlíṣà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oúnjẹ, oorun àti ẹlẹgbẹ́: báyìí ni Ọlọ́run ti tọ́jú ìránṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì títí dé ojú ikú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a pe àìsàn ní àìsàn. Ọpọlọ jẹ́ ẹ̀yà ara bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ti jẹ́ ẹ̀yà ara, ó sì lè ṣàìsàn bí wọn. Oògùn wà fún un. Àwọn kan yóò lò ó fún ìgbà díẹ̀, ara wọn yóò sì yá pátápátá. Àwọn mìíràn yóò máa lò ó fún ọdún púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́jẹ̀ ríru ti ń lo tirẹ̀, tí wọn yóò sì máa ṣe iṣẹ́ wọn, tí wọn yóò sì máa tọ́ ọmọ wọn. Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere, oníṣègùn ni. Ẹni tí ó gbàdúrà tí ó sì gbé oògùn mì kò pín ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí méjì.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti rí oògùn fún aláìsàn, kí ni a ní fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀? Ẹ ro ti ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kì í sùn ní òru. Òun náà kì í sùn. Ó ti ta ìṣọ̀ rẹ̀ ní ọjà láti fi san owó ilé ìwòsàn. Àwọn ẹbí ti dáwọ́ àbẹ̀wò dúró. Àwọn kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó ní ohun tí ó fi ọmọ náà ṣe. Ó wá sí ilé Ọlọ́run ní Ọjọ́ Ìsinmi, a bi í pé ilé ńkọ́, ó ní a dúpẹ́. Ó sì padà sí ilé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti gbé e wá. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ru ẹrù wúwo, ẹlòmíràn ni yóò bá a gbé e kà á lórí.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju èyí lọ: kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣí àyè sílẹ̀, níbi tí àwọn tí ó ní àìsàn yìí àti àwọn ará ilé wọn yóò ti máa jókòó pọ̀ ní àkókò kan pàtó, láti gbọ́ ara wọn àti láti ran ara wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Kì í ṣe àṣà tuntun tí a dá sílẹ̀ lánàá. Òfin Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ tó fìdí múlẹ̀. Àwa yóò pe mẹ́ta.

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní wá láti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, láti inú ìjọ tí ó jẹ́ ti ìdílé Áńgílíkà wa. Ní ọdún 1905, oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joseph Pratt ń tọ́jú àwọn tálákà tí ikọ́ ife ń bá jà, tí wọn kò ní owó láti lọ gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn ọlọ́rọ̀. Ìjọ kan níbẹ̀, Emmanuel Church, pèsè owó, Pratt sì ń kó àwọn aláìsàn náà jọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí kíláàsì. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni kí ó kọ́ wọn ní ìsinmi, ìmọ́tótó àti jíjẹ oúnjẹ tí ó dára. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí kò wá. Àwọn ènìyàn náà, tí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn wọn kò dọ́gba, bẹ̀rẹ̀ sí mú ara wọn lọ́kàn le, nítorí àìsàn kan náà ti sọ wọ́n di ará. Ẹni tí ó ti sàn díẹ̀ di ìrètí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ní ọdún 1930, Pratt lo ọ̀nà kan náà fún àwọn tí àìsàn wọn jẹ́ ti ọkàn. Ọ̀dọ̀ kíláàsì yẹn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú tí à ń fún àwọn aláìsàn ní àpapọ̀. Àwa tí a ti ní kíláàsì nínú ìjọ láti ayé àwọn baba wa, irú ìpàdé yìí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí wa.

Ẹlẹ́rìí kejì kò jìnnà. Abẹ́òkúta ni ó ti wá. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Aro tí àwọn onímọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá wò. Kò fẹ́ kí a kàn ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká ilé ìwòsàn náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ará ilé kan gbọdọ̀ bá a wá, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, láti máa se oúnjẹ rẹ̀, láti máa fọ aṣọ rẹ̀, àti láti máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú, kí wọ́n sì jọ padà sí abúlé. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó láti fi kún ilé wọn, a sì fa omi wá fún wọn.

Ẹ rí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ àti padà sí ilé bá pé, aláìsàn kò padà sí ọwọ́ àjèjì. Ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ti rí i nígbà tí ó le, ó ti rí i nígbà tí ó rọ̀, ó mọ oògùn rẹ̀, kò sì bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Àwọn ará abúlé náà sì kọ́ pé aládùúgbò ni aláìsàn ọpọlọ. Lambo mú ilé wọ inú ìtọ́jú, kí ìtọ́jú lè bá aláìsàn padà sí ilé. Ó di igbá-kejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, ó sì kú ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Aro kò kú.

Ẹlẹ́rìí kẹta wá láti Zimbabwe, níbi tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ kò ti tó nǹkan. Ní ọdún 2006, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá ní àdúgbò Mbare ní ìlú Harare. Ó kọ́ wọn bí a ti ń fi etí sílẹ̀. Wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi ní ọgbà ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹni tí ìrònú ti wọ̀ lọ́rùn, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń ràn án lọ́wọ́ láti mú ìṣòro kan jáde nínú ọ̀pọ̀, kí ó lè rí ohun tí ó lè ṣe sí i. Lẹ́yìn èyí wọ́n ń pè é wá sínú ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ti gba ọ̀nà kan náà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń hun àpò bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2016 a tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí a ṣe láàárín ènìyàn 573 ní ilé ìwòsàn kéékèèké 24. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdààmú ọkàn dínkù lára àwọn tí ó gba irú ìrànlọ́wọ́ yìí ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ìyá wa nínú ìjọ, ẹ gbọ́ èyí. Etí tí ń gbọ́ àti orí tí ayé ti kọ́ lọ́gbọ́n, Ọlọ́run ti fi fún yín.

Ẹnì kan yóò tún bèèrè pé: báwo ni ìjókòó àti ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe lè ran irú àìsàn yìí lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ kí a dáhùn. Aláìsàn tí ó rò pé òun nìkan ni ohùn ń bá sọ̀rọ̀ ní òru yóò gbọ́ ẹlòmíràn tí yóò sọ pé èmi náà gbọ́ irú rẹ̀, mo sì wà láàyè, mo sì ń ṣiṣẹ́. Kò sí oníwàásù tí ó lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un bí ẹni tí ó ti rìn ín. Ẹ̀wẹ̀, ìyá tí ó rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ni ó fa àìsàn ọmọ yóò jókòó ti ìyá mìíràn tí òun mọ̀ ní ẹni rere, yóò sì rí i pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú ilé pẹ̀lú ní agbára. Ní ọdún 1972, ní London, George Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn tí ó ti ilé ìwòsàn padà sí ilé. Wọ́n rí i pé ní ilé tí ìbáwí àti ìkórìíra ti pọ̀, tàbí tí àníyàn ará ilé kò jẹ́ kí aláìsàn rí ojú mí, àìsàn náà tètè ń padà ju ti ilé tí ó tutù lọ. A kò sọ èyí láti di ẹ̀bi ru àwọn ará ilé. Ẹni tí kò sùn fún oṣù mẹ́ta yóò kanra. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé bí a bá kọ́ àwọn ará ilé ní irú àìsàn tí ó jẹ́, tí a sì ràn wọ́n lọ́wọ́, àìsàn náà kì í sábà padà bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ibi sọ ìbínú rẹ̀ kalẹ̀ ní àárín àwọn tí ó yé, kò ní gbé e lọ dà sí orí aláìsàn ní ilé.

Nísinsin yìí ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn wa fún àwọn ìjọ tí Ọlọ́run bá fi í sí ọkàn wọn.

Èkínní, kí ìpàdé náà kéré, kí ó má ju ènìyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ, kí ó sì ní ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Yàrá ilé-ìwé dára jù iwájú pẹpẹ lọ, nítorí ẹni tí ojú ń tì kì í fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa wo òun. Kí a gba Mùsùlùmí tí ó bá wá gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba ọmọ ìjọ. Àìsàn yìí kò bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn rẹ̀.

Èkejì, kí ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ jẹ́ olùdarí, bí nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tí ilé ìwòsàn ti kọ́. Kí alúfà wá gẹ́gẹ́ bí olùgbọ́. Ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, ìṣe rere tí wọ́n ṣe sì nìyẹn. Nígbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ohun tí ó fa ìyà rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a bá sọ níbẹ̀, kí ó kú síbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e dé ìdí ọṣẹ́ tàbí dé ìsọ̀ ata, kí a má ṣe gbà á mọ́. Bí a bá kùnà nínú èyí, gbogbo ìyókù asán ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún aláìsàn pé kí ó da oògùn rẹ̀ nù nítorí a ti gbàdúrà. Dókítà tí ó fún un ni ó lè dín in kù. Kí a gbàdúrà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kí a má ṣe fi ipá gba ẹ̀rí ìwòsàn lẹ́nu ẹni tí kò tíì sàn.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹnì kan bá sọ pé ikú yá ju ayé òun lọ, kí a má ṣe bá a wí, kí a má sì ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a bi í ní pẹ̀lẹ́ bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Kí a má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Kí a bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Àti ní ìkẹyìn, bí ẹnì kan nínú ẹ̀yin tí ń kà ìwé yìí bá ní ará ilé tí a fi ẹ̀wọ̀n dè, ìbáà ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, ìbáà ṣe ní ilé àdúrà, a fi orúkọ Olúwa bẹ̀ ọ́: lọ tú u, kí o sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ láti dá lọ, wá sọ fún alúfà rẹ, kí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ bá ọ lọ. Má ṣe dúró de ọdún tí ń bọ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ó bá lò nínú ẹ̀wọ̀n ń mú ìwòsàn jìnnà sí i.

Ẹ̀yin ará, Olúwa kò tọ́jú ọkùnrin Gádárà mọ́ ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìyanu tí a ó máa fi hàn kiri. Ó fi í lé ilé lọ́wọ́. Márkù sì sọ fún wa pé ó lọ, ó sì ròyìn ohun tí Olúwa ṣe fún un ní gbogbo ìlú mẹ́wàá náà, ẹnu sì ya gbogbo ènìyàn. Ẹni tí a ń sá fún ni ó di oníwàásù wọn. Bí a bá ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn tí à ń fi pamọ́, ta ni ó mọ ohun tí Ọlọ́run yóò ti ẹnu wọn kọ́ wa?

Kí Ọlọ́run tí kì í tòògbé wà pẹ̀lú àwọn tí kò lè sùn ní òru yìí. Kí ó fi ìsinmi fún àwọn tí ń ṣọ́ wọn. Kí ó fi ọgbọ́n fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Kí ó sì fi àyà tí ó rọ̀ fún ìjọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ru ẹrù rẹ̀ mọ́ ní àárín wa, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.